Ìkíni Kò Gbọdọ̀ Ju Ìṣẹ́jú Kan Lọ

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tí wọ́n ti fi sítáàṣì sí ni mo fi ń rántí ọdún tí mo di ọ̀gá. Mo ní mo di ọ̀gá nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sára káàdì tí mo lọ tẹ̀ ní Dùgbẹ̀ kí n tó ra ọṣẹ kan ṣoṣo: Olùdásílẹ̀ àti Ọ̀gá Àgbà. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ni mo dá sílẹ̀ ní Agbowó, yàrá kan pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé tó ní kànga, ní àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jọ ń gbé. Òṣìṣẹ́ kan péré ni ọ̀gá àgbà yìí ní, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kan káàdì ni mo tẹ̀. Títí di òní olónìí, ẹ̀yìn káàdì yẹn ni ìyàwó mi ń kọ iyọ̀ àti ata tó fẹ́ rà sí.

Bàbá mi ni kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ṣakí. Lójú tiwọn, èèyàn kì í ka ìwé yunifásítì tán kó wá máa fọ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni. Wọn ò pariwo, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa. Mo fún ọ títí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ti dá dúró nígbà yẹn, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bí kò bá dá dúró, wàá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tísà, wàá sì máa bọ̀ nílé." Fọ́ọ̀mù ọ̀hún kò ní ṣòro fún wọn láti rí gbà, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ rí ló wà ní ọ́fíìsì tó ń gba tísà síṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra iṣẹ́ tísà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n padà sí Ṣakí kí gbogbo àdúgbò máa pè mí ní alágbàfọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo wá ìmọ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣòwò tuntun nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road. Ṣòkòtò rẹ̀ fún débi pé kò jókòó láti àárọ̀ títí a fi túká. Ó ní kí a yé ná owó, kí a máa fi owó dókòwò. Ó ní àkókò gan-an ni owó, pé ẹni tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn fi àkókò òun ṣòfò ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti Ring Road gba Dùgbẹ̀ lọ tààrà láti lọ dókòwò. Mo ra àga tó ń yí, nítorí mo ti gbọ́ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i ní ìnàró. Mo ra bọ́ọ̀dù funfun ńlá kan, àti kálámù pupa tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí i. Mo wá ra ago kékeré kan tí àwọn èèyàn fi ń mọ ìgbà tí ẹyin bá jinná. Wọ́n ṣe é bí àgbébọ̀ adìyẹ. Bí o bá lọ́ ọrùn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú. Bí ìṣẹ́jú bá pé, á ké gbinrin-gbinrin. Òṣìṣẹ́ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún áyọ́ọ̀nù kejì láti ọjọ́ yìí wá, mi ò rà á. Áyọ́ọ̀nù, ìnáwó nìyẹn. Àga tó ń yí, ìdókòwò ni.

Òṣìṣẹ́ yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n sì ti ń bá èèyàn lọ aṣọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ ọdún méjì ní Bàbá ni wọ́n ṣe ń pè é. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tara wọn ni wọ́n gbé wá láti ilé, torí pé ìgbà tí aṣọ bá gbẹ tán ni wọ́n máa ń mú iná lọ ní Agbowó. Mi ò ka áyọ́ọ̀nù yẹn mọ́ dúkìá ilé-iṣẹ́ mi rárá; ńṣe ló ń tì mí lójú níwájú àwọn oníbàárà. Kí n má purọ́, iṣẹ́ Màmá kò lábùkù. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sí wọn ni pé wọ́n máa ń pẹ́ dé. Aago méje ààbọ̀ la máa ń ṣí, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ á ti kọjá dáadáa kí Màmá tó yọ, pẹ̀lú àpò aṣọ méjì tàbí mẹ́ta lórí àti lọ́wọ́. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn àpò náà, wọ́n ní àwọn èèyàn ló ní kí àwọn bá wọn gbé e dání. Mo mi orí. Mo ní káàdì mi ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti wọlé, èmi tí mo jókòó lórí àga tó ń yí á yíjú sí bọ́ọ̀dù, màá sì fi kálámù pupa fa ìlà kan síwájú orúkọ wọn. Wọ́n á wo ìlà náà, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ẹ kú ìwé kíkọ." Wọ́n á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bí mo ṣe wá bá ìkíni jà nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé bùbá méjì wá. Wọ́n ní ẹ kú àárọ̀, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò àná, ẹ kú àìsí iná, ẹ kú ìfaradà. Wọ́n béèrè àwọn ará ilé mi ní Ṣakí, tí wọn ò rí rí. Wọ́n béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Bí mo ṣe ní ó ti parí ni Màmá jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ni àwọn méjèèjì bá tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ kú àárọ̀. Mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ, àpò aṣọ kò tíì kan tábìlì. Nítorí bùbá méjì. Mo ṣírò rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ohun tí ìkíni ń jẹ lọ́wọ́ mi lóòjọ́ ju ohun tí ọṣẹ ń jẹ lọ. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo wá páálí kan, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i pé: Ẹ JỌ̀WỌ́, ÌKÍNI KÒ GBỌDỌ̀ JU ÌṢẸ́JÚ KAN LỌ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí mi, mo sì gbé adìyẹ mi ka orí tábìlì.

Màmá ní kí n ka ohun tí páálí náà wí fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó ti pàdánù kú ilé." Mo fún wọn lésì pé kú ilé kò sí nínú ètò ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ó dáa, Ọ̀gá. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju ìṣẹ́jú kan lọ mọ́." Ó yẹ kí n fetí sí "nínú ṣọ́ọ̀bù yìí" yẹn dáadáa. Mi ò fetí sí i.

Bí oníbàárà bá ti la ẹnu báyìí, màá lọ́ adìyẹ lọ́rùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ni kò mọ ibi tí wọn ó gbà á sí. Nígbà tí bàbá oníbùbá méjì padà wá, orí ará ilé ni wọ́n dé tí adìyẹ fi ké. Wọ́n wo adìyẹ, wọ́n wo èmi. "Ṣé ó ń lé mi ni?" Mo ní, "Rárá o, sà, ìlànà ni." Wọ́n rọra gbé bùbá wọn kalẹ̀, wọ́n jáde, mi ò sì tún rí ẹsẹ̀ wọn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́; tèmi ra mí dé ìgúnpá.

Ohun tó wá tàn mí jẹ ni pé aṣọ ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ ń dín ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ń pọ̀ lórí okùn. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, ìlà kan tó ń gòkè lọ bí ọ̀nà òkè, mo sì kọ "adìyẹ" sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Mo tilẹ̀ gbé adìyẹ náà lọ sí Ring Road, mo dìde láàárín èrò, mo jẹ́rìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Oníṣòkòtò fífún ní irú èmi ni orílẹ̀-èdè yìí ń wá.

Ọyẹ́ dé. Ìkórè alágbàfọ̀ ni ìgbà ọyẹ́, nítorí eruku kì í jẹ́ kí aṣọ funfun kankan sinmi. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ Màmá obìnrin bímọ ní Adó-Èkìtì, Màmá sì ní àwọn fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n máa lọ láìfòyà. Ètò ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èèyàn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Ring Road nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní, èèyàn mẹ́ta ló wá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó títí di ọ̀sán, mo ń yí lórí àga, eruku ń bà lé adìyẹ lórí. Bàbá mi ló pè. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí mi tán, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ń bọ̀ ní Ìbàdàn, fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ àwọn, ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ó gbà á kẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, sà. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa." Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo fi ọwọ́ nu eruku orí adìyẹ.

Bí mo ṣe jókòó báyẹn ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn kò jìnnà sí wa, yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àpò aṣọ dání. "Màmá dà?" ni wọ́n bi mí. Mo ní wọ́n rìnrìn àjò. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n yíjú padà pẹ̀lú àpò wọn. Mo sáré tẹ̀ lé wọn bọ́ sí títì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ ò fi aṣọ sílẹ̀?"

"Èmi kì í gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Màmá ló máa ń yà nílé mi láàárọ̀. Wọ́n á béèrè eékún mi, èmi náà á béèrè àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ máa lọ, wọ́n á ní kí n kó aṣọ wá kí àwọn bá mi gbé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo òpópónà yìí nìyẹn, títí dé Bódìjà lọ́hùn-ún." Wọ́n wá wò mí bí wọ́n á ṣe máa wo aláìsàn nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Ta ló fẹ́ kí adìyẹ máa lé òun?"

Mo padà wọlé, mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Àwọn ìlà pupa tí mo ti ń fà síwájú orúkọ Màmá láti ìgbà òjò ti tò ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, wọ́n ti ń wọ ìkarùn-ún. Ìlà kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ kan ni, tí arúgbó kan ti ilé dé ilé kí àwọn èèyàn kú àárọ̀ nítorí ṣọ́ọ̀bù mi, kí ó tó wá gba àmì apẹ́lẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, ó tì mí débi pé mo dìde kúrò lórí àga yẹn. Mo pe Màmá. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun lẹ́yìn wọn. Mo ṣe àlàyé pé ṣọ́ọ̀bù ti ń kú lọ, pé Bàbá mi ń bọ̀. Màmá kò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ẹ lọ kí wọn."

"Kí n kí wọn pé kí ni, Màmá?"

"Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ó rí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ọ̀gá."

Wọ́n júwe àwọn ilé náà fún mi lórí fóònù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ àwọn oníbàárà mi ni mo mọ̀, mi ò mọ àwọn fúnra wọn. Mo mọ ilé tí ọbẹ̀ ti máa ń ta sí àyà ẹ̀wù, mo mọ ẹni tó máa ń làágùn, ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé wọn lọ́nà, mi ò lè dá wọn mọ̀. Ilé kan wà ní Bódìjà tó jẹ́ pé aṣọ dúdú ló ń ti ibẹ̀ wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kóòtù dúdú, ṣòkòtò dúdú, aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ kan báyìí. Mo rò ó lójú ọ̀nà, àánú ṣe mí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, alágbàfọ̀ wọn kò sì yọjú kí wọn rí. Mo ní ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ṣí géètì, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa á tù yín nínú."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ta ló kú?"

Mi ò tíì dáhùn tó fi ń ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó sáré jáde, ó káwọ́ lérí, òun náà ń béèrè pé ta ló kú. Èmi náà, nílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, mo bi wọ́n pé ta ló kú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bi ara wa. Nígbà tó yá ni mo sọ pé, "Aṣọ dúdú yín ni mo rí, sà. Èmi ni alágbàfọ̀ yín." Ọkùnrin náà fọwọ́ ti géètì, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà ni mí. Aṣọ kóòtù ni."

Ìyàwó lọ́yà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ìwọ lo ni adìyẹ yẹn," ló ń wí, "ìwọ lo ni adìyẹ yẹn." Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n fún mi ní omi àti ẹ̀pà. Lọ́yà ní òkú tí mo sin yẹn ti fẹ́ pa òun. Mo jókòó, mo kí wọn, wọ́n kí mi, kò sí adìyẹ níbẹ̀. Nínú ìkíni yẹn ni mo ti gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ di àna wọn ń bọ̀ wá mọ̀ wọ́n ní òpin oṣù, pé ọmọ wọn obìnrin ti rí ọkọ. Mo yíjú wo pálọ̀ náà. Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà. Àwọn kọ́tìnnì yìí ńkọ́?" Gbogbo kọ́tìnnì ilé ni mo rù jáde, pẹ̀lú ìbòrí àga. Ìtàn òkú tí kò kú sì ti ṣíwájú mi dé àwọn ilé yòókù. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni wọ́n á ti máa fẹ̀rín ṣí i. Mo lọ bá bàbá oníbùbá méjì náà. Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n dìde, wọ́n wá kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kíni, mi ò sì wo aago. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Màmá ni ó ti ń da omi láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo kàn ń tẹ ilẹ̀.

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, aṣọ ti padà kún inú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́bọ̀ ni Màmá dé láti Adó. Wọ́n wo okùn, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, Ọ̀gá." Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, Màmá," mo sì dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá mi wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, agbádá funfun ni wọ́n wọ̀, eruku ọ̀nà Ṣakí ti sọ ọ́ di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n fọwọ́ lu àpò igbáàyà wọn. "Fọ́ọ̀mù wà níbí. Jẹ́ kí n wo ṣọ́ọ̀bù ná." Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún mi, torí pé Bàbá mi kì í kí èèyàn láìfi àdúrà dì í. Mi ò fi adìyẹ lé oníbàárà mọ́ nígbà yẹn. Aṣọ tí mo bá rẹ ni mo fi ń ṣọ́. Mo ti lọ́ ọ lọ́rùn nítorí kọ́tìnnì kan, mo sì ti gbàgbé. Bàbá mi dé orí "Olúwa yóò sì mú ẹsẹ̀ rẹ dúró," adìyẹ figbe ta. Wọ́n la ojú. Wọ́n wo adìyẹ. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí páálí tí mo ti gbàgbé láti yọ lára ògiri, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi pé ìwé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń ṣe máàkì fún. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé ìṣẹ́jú tèmi ti pé ni?"

Wọ́n jókòó sórí àga mi, àga náà sì yí wọn kọjú sí ògiri. Wọ́n rọra fi ẹsẹ̀ yí ara wọn padà. Bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ nìyẹn, bí alábẹ̀wò ilé-ìwé, tí wọ́n ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Nọ́ọ̀sì wá, mo béèrè eékún. Bàbá oníbùbá méjì wá, òun àti Bàbá mi sì kí ara wọn títí mo fi rẹ aṣọ méjì tán. Ìyàwó lọ́yà wá wo kọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá mi nìyí, ó kí wọn kú ọmọ, ó sì sọ ìtàn òkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n nu omijé ẹ̀rín. Mi ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí nílé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ agbádá wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọn ò jẹ́ kí n gbà á. Àwọn fúnra wọn ló mú un lọ bá Màmá ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ẹ kú iṣẹ́, mo gbọ́ ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀, oníbàárà kan sì pè mí síwájú. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́ lórí okùn. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, agbádá ti gbẹ, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó funfun, ó le, kò sí ìsúnkì kankan. Bàbá mi wọ̀ ọ́. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n sì mú nǹkan funfun kan jáde, tó dì bí òkèlè ẹ̀kọ.

Fọ́ọ̀mù ni.

Mo yíjú sí Màmá, mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí wọn lójú Bàbá mi. Mo ní òfin kìíní tó wà lórí bọ́ọ̀dù nìyí: kí a wo àpò kí a tó rẹ aṣọ. Màmá wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ojú àgbà ni." Bàbá mi ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní ohun tó bá ti wọ omi ti wọ omi, pé àwọn ò lè rí òmíràn gbà kí ọjọ́ Ajé tó kọjá, pé ká máa wo bí Ọlọ́run ó ṣe ṣe é. Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà, wọ́n ti ibẹ̀ gba Ṣakí lọ. Wọn ò sọ bóyá ṣọ́ọ̀bù náà dá dúró tàbí kò dá dúró. Èmi sì padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú kálámù, mo fi ìlà pupa kan síwájú orúkọ Màmá nítorí àpò tí wọn ò wò. Mi ò tún fà á fún wọn mọ́ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n mo fa ìyẹn.

Ó ti ṣe díẹ̀. A ti kó lọ sí Bódìjà, ẹ̀ka kan sì wà ní Challenge. Áyọ́ọ̀nù mẹ́fà la ní, onígáàsì ni wọ́n, kò sì sí àga tó ń yí. Ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ mi á kọ́kọ́ lọ kí àwọn èèyàn kiri. Ẹni tó bá tètè dé jù ni mo máa ń fura sí. Adìyẹ wà ní ilé ìdáná ìyàwó mi, ẹyin ló ń bá a ṣọ́. Màmá ti sinmi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Adó ni wọ́n wà. Ní ìparí ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n wá kí wa. A jókòó, à ń rántí nǹkan, mo sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Màmá, ojú yín tí kò ríran yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ tísà."

"Ojú mi ríran," ni Màmá wí. "Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ yẹn kí n tó mú un dé ibi omi. Mo ní, Bàbá, ìwé kan wà níbí o. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kí n fọ̀ ọ́ mọ́ ọn."

Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn ti gbà fún yín, ẹ ò ní sáré mọ́." Wọ́n bu omi mu. "Ẹ sì fi ìlà pupa sí mi."

Nígbà tí Màmá lọ tán, mo wọ yàrá tí a ń kó ẹrù sí, mo wá bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà jáde lẹ́yìn àwọn àpò ọṣẹ. Àwọn ìlà yòókù ti parẹ́ fúnra wọn, ṣùgbọ́n ìkẹyìn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ nù ún, kò lọ. Mo fi ọṣẹ sí i, èmi tí mo ti yọ epo pupa kúrò lára aṣọ àlà, kò lọ. Mo gbé e padà síbi tí mo ti gbé e.

Mo pe Bàbá mi ní Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ìkíni la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A kí dé orí ọyẹ́ tó lọ, a kí dé orí òjò tí kò tíì rọ̀, mo béèrè ẹ̀yìn wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n béèrè Màmá. Mo ní Màmá wá kí wa, wọ́n sì ti padà. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n láti ọjọ́ adìyẹ yẹn wá, "Ṣé ìṣẹ́jú mi ti pé ni?"

Mo ní, "Kò tíì pé, sà."

Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.